Ìka tí ó Ṣẹ̀ ni Ọba ń Gé: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀wọ̀n àti Ẹ̀kọ́ Gíga

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa, tí a sì tẹ̀ síhìn-ín nítorí àwọn tí kò lè wá.)

Èmi kò ní ẹnu tí mo fi lè kọ́ ọba ní ìṣàkóso ìlú, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ òfin tó àwọn agbẹjọ́rò tí ó jókòó síhìn-ín. Olùkọ́ ni mí. Ó lé ní ọdún 30 tí mo ti ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ àwọn ọmọ yín, ní ọjọ́ ìsinmi mo sì ń wàásù. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ti kọ́ mi pé kò sí ìlú tí ó lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè máa sọ ọmọ nù bí ẹní sọ èèpo iṣu nù.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò jìnnà sí wa bí ẹ ti lè rò. Nínú ìwé tí a ń fún àwọn ọmọ tí ń tọrọ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí láti lọ sí yunifásítì, ìbéèrè kan wà, ìkeje láti òkè: “Ǹjẹ́ o ti dé ọgbà ẹ̀wọ̀n rí?” Ẹni tí ó bá dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni,” a kì í ka ìyókù ìwé rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé èmi náà wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó kọ ìbéèrè náà. Mo rò nígbà náà pé orúkọ rere ẹgbẹ́ ni a ń dáàbò bò. Lónìí mo dìde láti bẹ̀ yín pé kí a pa á rẹ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ní àìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ìwé náà tọ̀ mí wá ní ilé pé kí n fi ọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ ìwà òun. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré; mo kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìjà ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n sì kó gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ọmọ yìí wà lára wọn, ìwé tí yunifásítì fi gbà á sì wà nínú àpò rẹ̀. Adájọ́ fún un ní béèlì, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó mú onídùúró tí ó ní ilé tàbí ilẹ̀ wá. Opó ni ìyá rẹ̀. Àkàrà ni ó ń dín. Ta ni yóò dúró fún un? Oṣù 26 ni ọmọ náà lò ní àhámọ́. Kò sí ẹlẹ́rìí kan tí ó yọjú, ní ìgbẹ̀yìn adájọ́ sì tú u sílẹ̀ pé kò ní ẹjọ́ kankan í jẹ́. Nígbà tí yóò fi jáde, àyè rẹ̀ ní yunifásítì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó tún ìdánwò ṣe, ó yege, wọ́n sì tún gbà á. Owó ni kò sí. Nígbà tí ó dé orí ìbéèrè keje nínú ìwé wa, òótọ́ ni ó kọ síbẹ̀. Mo sọ fún un pé ìdáhùn náà yóò pa á lára. Ó wò mí, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ṣé ẹni tí ó bá purọ́ ni ẹgbẹ́ yín ń fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni?” N kò rí èsì fún un títí ó fi kí mi pé ó dàárọ̀.

Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Kòtò tí ìbéèrè keje wa ń mú wa lọ yìí, ìlú ńlá kan ti jìn sí i ṣáájú wa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 30 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí fa ara rẹ̀ jáde. Ìlú Amẹ́ríkà ni mo ń wí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà, nítorí pé lára àwọn tí ìyà náà jẹ jù lọ ni àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí a fi ọkọ̀ ẹrú kó láti etíkun wa.

Ní 1972, nǹkan bí 200,000 ènìyàn ni ó wà nínú ẹ̀wọ̀n àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti ìjọba àpapọ̀ wọn. Ní 2009, iye náà ti tó 1,600,000, a kò sì tí ì ka àwọn tí ó wà ní àhámọ́ àwọn ìlú kéékèèké. Kì í ṣe pé ìwà ọ̀daràn di ìlọ́po mẹ́jọ láàárín ìgbà náà. Òfin ni ó le sí i, tí ọdún ẹ̀wọ̀n sì gùn sí i. Ní 1971 Ààrẹ Richard Nixon kéde pé oògùn olóró ni olórí ọ̀tá ìlú. Ní 1973 ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin tí ó lè rán ẹni tí ó ta ìwọ̀n kékeré lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 15, àní títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní 1986 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣe òmíràn. Oògùn kan náà ni kokéènì, ṣùgbọ́n ó ní ìrísí méjì: ti ìyẹ̀fun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń fín sí imú, àti ti kóró tí àwọn tálákà ń fi iná sí kí wọ́n tó fa èéfín rẹ̀. Gíráàmù 5 ti kóró tó láti mú ẹ̀wọ̀n ọdún 5 wá. Kí ìyẹ̀fun tó mú ìyà kan náà wá, ó ní láti tó gíráàmù 500. Ènìyàn dúdú ni ó sì pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí a dá lẹ́jọ́ nítorí ti kóró. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín ìyàtọ̀ náà kù láti ìlọ́po 100 sí ìlọ́po 18. Báyìí ni wọ́n ṣe kó ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n bí ẹní kó àgbàdo sí àká. Ènìyàn dúdú kò ju nǹkan bí 13 tàbí 14 lọ nínú 100 ará ìlú náà, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n.

Ohun tí ó kan olùkọ́ nínú rẹ̀ ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí. Ìlẹ̀kùn mẹ́ta ni wọ́n tì mọ́ ẹni tí ó ti dé ẹ̀wọ̀n, kí ó má bàa dé ibi ẹ̀kọ́ gíga.

Ìlẹ̀kùn kìn-ín-ní ni owó. Láti 1972 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tálákà ní owó ìrànwọ́ kan, èyí tí a wá fi orúkọ aṣòfin Claiborne Pell pè. Ẹlẹ́wọ̀n náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àwọn yunifásítì sì ń rán olùkọ́ wọ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ. Ní 1994, nígbà tí Ààrẹ Bill Clinton fi ọwọ́ sí òfin ńlá kan lórí ìwà ọ̀daràn, wọ́n gba owó náà lọ́wọ́ gbogbo ẹlẹ́wọ̀n. Àwíjàre wọn dùn létí: wọ́n ní kí ni ìdí tí olè yóò fi kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ọmọ ẹni rere ń wá owó ilé-ẹ̀kọ́ kiri? Ṣùgbọ́n ìṣirò kò gbè wọ́n. Gbogbo ohun tí ẹlẹ́wọ̀n ń gbà kò tó owó kan nínú 100 owó ìrànwọ́ náà, kò sì gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé gbogbo tálákà tí ó bá yẹ ni òfin fi í fún. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹ̀kọ́ yunifásítì inú ẹ̀wọ̀n, tí ó ti wà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibi, rọ bí ewé tí a já lára igi; ìwọ̀nba kíún ni ó ṣẹ́kù.

Ìlẹ̀kùn kejì wà fún àwọn tí ó wà ní òde. Ní 1998 wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí a bá dá lẹ́bi nítorí oògùn olóró kò gbọdọ̀ rí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ gbà fún ìgbà kan, tàbí láìní gbèdéke bí ó bá ti ṣẹ̀ léraléra. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin náà ti rí: ẹni tí ó jalè tàbí tí ó pa ènìyàn kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá igbó díẹ̀ lápò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 2006 ni wọ́n dín agbára rẹ̀ kù, òfin tí wọ́n ṣe ní 2020 ni ó sì fà á tu.

Ìlẹ̀kùn kẹta ni ó dùn mí jù, nítorí pé àbúrò rẹ̀ ni ìbéèrè keje wa. Àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí bi àwọn tí ń tọrọ àyè pé ṣé a ti dá wọn lẹ́bi rí. Ní 2015, a tẹ ìwádìí kan jáde nípa yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ New York. Nínú 100 ẹni tí ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nínú ìwé náà, ó lé ní 62 tí kò parí ìwé náà mọ́. Láàárín gbogbo àwọn tí ń tọrọ àyè lápapọ̀, 21 péré nínú 100 ni kì í parí rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé yunifásítì kọ́ ni ó kọ ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n dáhùn “Bẹ́ẹ̀ ni,” a ní kí wọ́n lọ mú ìwé wá láti kóòtù, kí wọ́n mú òmíràn wá láti ọ̀dọ̀ wọ́dà, kí wọ́n wá jókòó níwájú ìgbìmọ̀. Ojú tì wọ́n, ó sì rẹ̀ wọ́n, wọ́n padà lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè náà ti lé wọn lọ kí ẹnikẹ́ni tó rí ojú wọn. Mo ronú sí èyí, mo sì bi ara mi pé: àwọn mélòó ni wọ́n ti gba ìwé tiwa, tí wọ́n ka ìbéèrè keje, tí wọ́n sì ká a, tí wọ́n fi dí ẹ̀pà? A kò lè mọ̀ wọ́n, nítorí pé wọn kò dá ìwé náà padà.

Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ẹni tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé ní Amẹ́ríkà, kò tó 4 tí ó ní oyè yunifásítì, bẹ́ẹ̀ ni láàárín àwọn ará ìlú yòókù ó tó 29. Ọgbọ́n àtijọ́ ni èyí, aṣọ tuntun ni a wọ̀ fún un. Ní 1740 ni South Carolina ti ṣe òfin pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti kọ́ ẹrú ní ìwé kíkọ. Nígbà tí wọ́n sì tú àwọn ẹrú sílẹ̀ ní 1865, ìwé òfin náà wí pé kò gbọdọ̀ sí ìsìnrú mọ́, àfi bí ó bá jẹ́ ìyà fún ẹni tí a dá lẹ́bi. Àyè tí ó kù sára ògiri yẹn ni aláǹgbá gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń jáde nínú kòtò náà, kí ọ̀rọ̀ mi má bàa jẹ́ ẹkún nìkan. Ní 1999 akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bard, ní New York, bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì òun máa kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ẹ̀kọ́ kan náà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀, kí wọ́n sì máa fún wọn ní oyè kan náà. Ní 2015, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n kọ́ báyìí pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard sí àríyànjiyàn, wọ́n sì borí wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nínú ọgbà wọn. Ní 2013 ilé ìwádìí RAND ti fi ìṣirò hàn pé ẹni tí ó bá gba ẹ̀kọ́ nínú ẹ̀wọ̀n kì í sábà padà síbẹ̀ bí ẹni tí kò gbà á, àti pé dọ́là kan tí a bá ná lórí ẹ̀kọ́ náà ń gba ìjọba lọ́wọ́ ìnáwó dọ́là 4 sí 5 láàárín ọdún mẹ́ta. Ní 2015 ìjọba Ààrẹ Barack Obama tún owó Pell gbé wọ ẹ̀wọ̀n fún ìdánwò. Ní December 2020 wọ́n fi òfin dá a padà fún gbogbo wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 1, 2023. Ní ti ìbéèrè inú ìwé, ìpínlẹ̀ Louisiana ni ó kọ́kọ́ fòfin dí i ní àwọn yunifásítì ìjọba rẹ̀ ní 2017. Ní 2019 ìwé ìtọrọ kan ṣoṣo tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún yunifásítì jọ ń lò sì yọ ọ́ kúrò nínú ìbéèrè gbogbogbòò rẹ̀. Ṣé ìgbà tí Amẹ́ríkà ń fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí ni àwa yóò wá máa ti ọwọ́ tiwa bọ̀ ọ́?

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. Nínú ẹni mẹ́ta, nǹkan bí méjì ni adájọ́ kò tí ì dá lẹ́bi. Wọ́n ń dúró de ìdájọ́ ni. Nítorí náà, nígbà tí a bá bi ọmọ pé, “Ǹjẹ́ o ti dé ọgbà ẹ̀wọ̀n rí?” kì í ṣe ìwà rẹ̀ ni a ń béèrè lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí a ń béèrè ni pé: “Ǹjẹ́ bàbá rẹ ní ilé tí ó fi lè dúró fún ọ?” Ìbéèrè owó ni, a kàn fi agbádá ìwà bò ó ni.

Ẹ sì wo àwọn tí ìbéèrè náà ìbá lé jáde. Herbert Macaulay, tí a ń pè ní baba ìjà òmìnira, ẹ̀wọ̀n tí ó lọ kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lè du ipò aṣòfin ní Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1923. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n láti 1963 títí di 1966, nínú ẹ̀wọ̀n ní Kàlàbá sì ni ó ti ń kọ ìwé lórí bí a ó ti tún ìlú ṣe. Wọ́n ti Wọlé Ṣóyínká mọ́lé láti 1967 títí di 1969 láìgbé e dé iwájú adájọ́, ní 1986 ó sì gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni tiwọn, wọn kì í ṣe olè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè keje wa kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹ rántí pé láti 1987 ni yunifásítì Ifẹ̀ ti ń jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀. A ń fi ọmọ yangàn pé ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ ẹni tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé, a sì ń dù ú ní owó ìwọlé nítorí pé òun náà ti ẹ̀wọ̀n dé.

Ìjọba tí a máa ń bú pàápàá ti ṣáájú wa. Ní 2019 wọ́n yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà sí ti àtúnṣe ìwà. Yunifásítì National Open University, tí ń kọ́ni láti òkèèrè, ní ibùdó ẹ̀kọ́ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n kan, Kírìkírì wà lára wọn, kì í sì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní àhámọ́. Ẹni tí ó bá wà nínú ọgbà lè kàwé. Nígbà tí ó bá jáde tán ni àwa ará ilé rẹ̀ ń ti ìlẹ̀kùn.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan ń rò lọ́kàn. Wọ́n ń rò pé, “Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ ńkọ́?” Èmi náà ti jókòó ti ìyá tí adigunjalè pa ọmọ rẹ̀, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi mọ́. N kò wí pé kí adájọ́ má dá ọ̀daràn lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni n kò wí pé kí ìyà kéré. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Bí ọba bá ti gé ìka tán, kì í rán ẹmẹ̀wà lẹ́yìn ọkùnrin náà láti máa gé ìyókù ní ọdọọdún. Adájọ́ ti ka iye ọdún, ẹlẹ́ṣẹ̀ ti lò ó pé. Ta ni ó fún ẹgbẹ́ wa ní àṣẹ láti fi kún un? Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Àwọn mìíràn ń rò pé ọmọ ẹni rere ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀bùn wa. Pípa ìbéèrè keje rẹ́ kò gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé kíkà àti àìní ni a fi ń yan ọmọ. Ẹni tí ó bá yege jù ni yóò gbà á. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí a ka ìwé gbogbo wọn. Bí ọ̀ràn bá sì jẹ́ ti iṣẹ́ tí ó kan ìtọ́jú ọmọ kékeré, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kí àwọn tí yóò gbani sí iṣẹ́ náà béèrè ohun tí ó kan iṣẹ́ náà, ní àkókò tirẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ ẹgbẹ́ yìí fún. Èkíní, kí a pa ìbéèrè keje rẹ́ lónìí, kí ìpàdé yìí tó túká. Èkejì, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin onílé tí ẹ wà níhìn-ín, kí mẹ́wàá nínú yín fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé gẹ́gẹ́ bí onídùúró fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá tì mọ́lé nítorí ẹ̀sùn kékeré, kí ọmọ opó má bàa lo oṣù 26 nítorí àìní òrùlé. Agbẹjọ́rò méjì ti ṣèlérí fún mi pé àwọn yóò máa yẹ ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan wò lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù mú ìwé kan wá sí ìpàdé tí ń bọ̀ fún yàrá ìkàwé ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú wa. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò kó wọn lọ, a ó sì máa lọ kọ́ wọn ní Sátidé.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ti ń pa òwe yìí fún àwọn òbí láti ìgbà pípẹ́; ó tó àkókò kí ẹgbẹ́ náà pa á fún ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi parí. Ìwé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì wà lórí tábìlì mi. N kò dá a padà fún un, n kò sì tí ì mú un wá fún akọ̀wé, nítorí pé mo mọ ibi tí ìdáhùn keje yóò sọ ọ́ sí. Ó ń ru búlọ́ọ̀kù lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà báyìí, kí ó lè rí owó jẹun, ọjọ́ tí yunifásítì yóò gba owó ìwọlé kò sì jìnnà mọ́. Bí ẹ bá pa ìbéèrè náà rẹ́ lónìí, mo ti fi ọwọ́ mi sí ìwé náà, n ó sì fi í lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Bí ẹ kò bá sì pa á rẹ́, mo bẹ̀ yín, kí Alága yan ẹnìkan tí yóò bá mi lọ sọ fún un, nítorí èmi nìkan kò lè rí ojú tí n ó fi wò ó.

Kí Olódùmarè fún ọba wa ní ẹ̀mí gígùn, kí ìlú tòrò, kí ọmọ wa má sọnù.